Ẹ̀rọ tí Kì í Pariwo

Òórùn léèdì gbígbóná tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ni mo fi ń rántí Ìkìrun ìgbà èwe mi. Òmìnira kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí rélùwéè, níbi tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Bàbá kan ní Òkúkù, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wáyálẹ̀ẹ̀sì ìjọba, ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo lo ọdún mẹ́ta péré lọ́dọ̀ wọn, mo sì gbà pé kò sí ohun tó kù tí n kò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùkọ́ kan láti Inísà gbé rédíò wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú òyìnbó, ojú ìyá wọn sì ti fọ́.

"Gbogbo lẹ́tà tí mo bá kà fún wọn, wọ́n á ní irọ́ ni," ló wí. "Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti kú, pé èmi ni mò ń kọ lẹ́tà náà láti fi tan àwọn."

Ẹ̀gbọ́n yìí ti wá kọ̀wé pé òun yóò kí ìyá òun láti ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú òyìnbó nírọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ilé iṣẹ́ náà kò ju fín-ín-fín lọ nínú rédíò wọn.

Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀. Mo to fáàfù mẹ́ta tẹ̀ léra, àwọn gílóòbù tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, mo so wọ́n síwájú rédíò, níbi tí ohùn ń gbà wọlé. Nígbà tí mo ṣí i, ariwo ṣàà bí òjò orí páànù ló jáde. Ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà mi fò dìde. Mo di ẹrù náà mọ́ kẹ̀kẹ́, ó di Òkúkù.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ kan fáàfù àkọ́kọ́. "Gbogbo ẹ̀rọ ló ní ariwo tirẹ̀ nínú. Èyí tí ti iwájú yìí bá pa, àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ńlá ni. Láti òkè lomi ti ń tòrò wá, ọmọ mi."

A yọ méjì dànù. A dán fáàfù mẹ́jọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi rí èyí tó dákẹ́ jù. A gé àwọn wáyà kúrú, a sì wé okùn bàbà lọ́nà tí ohùn ilé iṣẹ́ yẹn nìkan fi lè ráyè kọjá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé rédíò náà lọ fún wọn. Ìyá náà jókòó sí pálọ̀ wọn ní Inísà, wọ́n kẹ̀yìn sí rédíò. Olóòtú pe orúkọ ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ti kú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹnì kan ti ha ọ̀fun díẹ̀, bí ẹni tójú ń tì.

Ìyá yíjú padà. "Òun nìyẹn."

Ọmọ náà kò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Ìgbà náà ló tó wí pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ìyá mi."

"O kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n dáhùn. "Ṣé òtútù kì í pa ọ́ níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó lágbára láti sọ fún wọn pé ọmọ náà kò lè gbọ́ wọn. Olùkọ́ ti bojú, ó ń sunkún.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ti kọ́ ìṣirò ẹ̀rọ náà tán, mo sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn: ìdí tí fáàfù iwájú fi gbọ́dọ̀ dákẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń wọn ariwo rẹ̀. Ìṣirò náà kò dín ìyanu rẹ̀ kù lójú mi. Ẹnì kan ló ha ọ̀fun lókè òkun, ìyá rẹ̀ sì dá a mọ̀ ní Inísà.