Oṣù Mẹ́ta Létí Ọ̀sà

Títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, orí afárá nìkan ni mo ti máa ń rí ọ̀sà. Múṣín ni wọ́n bí mi sí, Sùúrùlérè ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Yorùbá, inú bọ́ọ̀sì ni mo sì ti máa ń yọjú wo omi náà nígbà tí mo bá ń lọ sí Erékùṣù. Síbẹ̀, ìtàn apẹja ni mo ń kọ lọ́dún náà. Mo ti kọ orí mẹ́ta, mo sì rò pé ó dára gan-an.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi nípa màmá kan ní Yábàá, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì. Bàbá rẹ̀ fi ilé ńlá kan sílẹ̀ fún un níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́ lọ bá ọ̀sà. Lọ́dọọdún, láti oṣù kẹwàá títí Kérésì á fi kù dẹ̀dẹ̀, Màmá máa ń fún oníṣẹ́ ọnà méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè jókòó ṣe iṣẹ́ wọn láàárín igi. Mo kọ lẹ́tà sí i, ó dá mi lóhùn. Ọ̀gá ilé-ìwé wa yọ̀ǹda táàmù kan fún mi. Ìyàwó mi ní, "Ẹ máa lọ. Ó kúkú sàn ju kí ẹ máa bá àwọn ọmọ du tábìlì oúnjẹ lọ."

Igi máńgòrò àti igi fúrúùtù ló kún inú ọgbà náà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, igi ẹ̀gbà na gbòǹgbò sínú omi bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èéfín ẹja yíyan ń fẹ́ wá láti Makoko, àdúgbò àwọn apẹja tí wọ́n kọ́lé sórí omi, ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó sì ń ti òdìkejì bọ̀. Ayàwòrán ni ẹnì kejì mi, obìnrin tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Àǹtí ni mo ń pè é.

Òfin kan ṣoṣo ni Màmá ní. Lọ́sàn-án, tí a bá jókòó ti oúnjẹ, kálukú gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan tó fi ojú ara rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà, tí kò rí rí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní mo rí alángbá.

"Kí ló ń ṣe?" Màmá bi mí.

"Ó dúró, Mà."

"Ó dúró ṣe kí ni?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín sínú àwo rẹ̀. Màmá bu ọbẹ̀ sí i fún mi, ó ní kí n padà lọ wò ó dáadáa lọ́la.

Mo padà lọ. Ojú ọ̀nà àwọn èèrà ni alángbá náà dúró sí, tó ń ṣa wọ́n jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbé ẹsẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí akàn kéékèèké lórí ẹrẹ̀, tí ọwọ́ wọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó gbogbo ara wọn, tí wọ́n sì ń jù ú sókè sódò bí ẹni tó ń pe ọlọ́kọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí ẹja kan tó jáde kúrò nínú omi, tó fò lọ jókòó sórí gbòǹgbò. Mo ti sáré dé ilé ìdáná kí n tó rántí pé oúnjẹ ọ̀sán kò tíì yá. Ti Àǹtí yàtọ̀ sí tèmi. Ó ní òun ti ka àwọ̀ méje nínú ẹrẹ̀ kan náà, òun ò sì ní ọ̀dà tó lè kun mẹ́ta nínú wọn.

Àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ kan ìtàn mi. Mo gbà pé ó ti dára bó ṣe wà.

Ìyá kan wà tó máa ń tukọ̀ wá láti Makoko ní ọjọ́ méjì méjì, láti ṣa igi gbígbẹ tó fi ń yan ẹja. Màmá ti fún un láyè tipẹ́. Ègùn ni, ọjọ́ orí rẹ̀ á tó ọgọ́ta ọdún, ó sì ń sọ Yorùbá yékéyéké. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń ka orí kejì ìwé mi sókè fún etí ara mi. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi.

"Tíṣà, ẹ má bínú," Ìyá ní. Ó gbé igi sórí. "Ta ni ọkùnrin tí ẹ ń kà yẹn?"

"Inú ìwé ló wà, Ìyá. Apẹja ni."

"Ó ti ń pẹja tipẹ́?"

"Láti kékeré."

"Kí ló wá gbé e lọ dúró sí etí ọkọ̀ ju àwọ̀n? Ọkọ̀ ọ̀hún á dà á sómi ni. Kí ló sì ń wá lójú omi lọ́sàn-án gangan?"

Ojú tì mí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọkàn mi, mo rí i pé apẹja mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí omi ń kún tàbí ìgbà tó ń fà. Ìyá sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, ó wò mí.

"Tó bá dọ̀la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ wá bá mi létí omi," ó ní. "Ẹ má wọ bàtà."

Báyìí ni mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìyá dúró lẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ lọ. Èmi jókòó sí ìsàlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú. Ó ń yọ àwọn ìgèrè tó fi dẹ ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn ohun tó wà nínú wọn sínú agbada: ẹ̀pìyà, edé, akàn. Ó fi hàn mí bí àwọ̀ omi ṣe ń yàtọ̀ níbi tó jìn. A ti fẹ́ padà nígbà tí mo rí i pé igbó kan ń bọ̀ lójú omi.

Ewéko ni, ó nípọn, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ní òdòdó aláwọ̀ elésè àlùkò. Afẹ́fẹ́ ń tì í bọ̀ ní odidi.

"Ó mà rẹwà o," mo ní.

Ìyá pòṣé. Ó fi gbogbo agbára ti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ewéko náà ti yí wa ká. Ọ̀pá kò rí ilẹ̀ kàn mọ́. Mo dìde láti fi ọwọ́ tì í, ọkọ̀ sì mì.

"Ẹ jókòó!"

Mo jókòó. "Ìyá, mi ò mọ omi wẹ̀."

"Mo ti mọ̀. Ẹ wo ọwọ́ yín lára ọkọ̀."

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ewéko yìí. Ó ní kò lórúkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun sórí omi yìí, òun ò rí i rí. Ẹnu àìpẹ́ yìí ló dé, ó sì ti fa àwọ̀n ọ̀pọ̀ èèyàn ya. Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́, ó jẹ́ ìyanu fún mi pé nǹkan lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹni, kó má sì lórúkọ.

Kò sí ohun tí a lè ṣe ju ká dúró lọ. Ìyá tú ẹ̀kọ àti ẹja yíyan jáde, a jọ jẹ ẹ́. Ó sọ fún mi pé ọkọ òun ló ń pẹja tẹ́lẹ̀, pé nígbà tó kú, gbogbo èèyàn rò pé òun á ta ọkọ̀ náà. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹyẹ kan tó ń rìn lórí ewé náà bí ẹni ń rìn ní pálọ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ó ń gbé wọn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, ewé kan ò sì rì. Mo ń wò ó títí ìbẹ̀rù mi fi lọ láìjẹ́ kí n mọ̀.

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò láàárín orí nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ewéko náà là díẹ̀díẹ̀. Ìyá ti ọkọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá.

Màmá ti dúró sí etí omi pẹ̀lú agbòòrùn. Kò bá mi wí. Ó ní kí n wá jẹun.

"Kí lo rí lónìí?"

"Mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan, Mà."

"Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ojú rí. Kí lo rí?"

Mo wá sọ ti ẹyẹ náà fún un. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń bá Ìyá jáde. Mo kó orí mẹ́ta yẹn sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn, obìnrin ló sì di apẹja inú rẹ̀. Ewéko náà kò jẹ́ kó rọrùn. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó dí ẹnu ọ̀nà ilé Ìyá pátápátá, tí èmi àti Àǹtí mú àdá, tí a wọ inú omi dé itan, tí a bá a gé e láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀. Ìyá jókòó sínú ọkọ̀, ó ń wò ó.

Nígbà tí ọyẹ́ dé nínú oṣù Kejìlá, Ìyá ti ìka bọ omi láàárọ̀ kan, ó lá a.

"Iyọ̀ ti ń dé," ó ní.

Òjò ti dá, omi òkun sì ti ń wọ inú ọ̀sà. Èmi náà tọ́ ọ wò, iyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iyọ̀ ń pa ewéko náà: ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó gbẹ, ó sì jẹrà. Òórùn rẹ̀ wọ inú yàrá wa, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Ìyá ń kọrin lójú omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo ka ohun tuntun tí mo kọ fún un. Ó tún ibi méjì ṣe. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Obìnrin yẹn, ṣé ó máa rí ẹja?"

"Mi ò tíì mọ̀, Ìyá."

"Ẹ jẹ́ kó rí díẹ̀."

Ọdún mẹ́rin kọjá kí ìwé náà tó jáde. Mo mú ọ̀kan lọ fún un ní Makoko. Ó fọwọ́ pa èèpo rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ọmọ òun obìnrin á máa kà á fún òun. Ó wá gbé e sórí pẹpẹ tó wà lókè ààrò ẹja. Mo mọ̀ pé èéfín á sọ ọ́ di dúdú kí oṣù tó parí. Mo jókòó, ó fún mi ní ẹja, a sì jẹun.