Bátìrì Mẹ́rin Inú Rédíò Màmá Mi

Màmá mi ló sọ fún mi pé rédíò òun kò lóhùn mọ́. Òun ló fi ń gbọ́ rosárì láràárọ̀ kó tó lọ sóko, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lásìkò náà. Bátìrì mẹ́rin tó ṣeé ṣáàjì ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo rà wọ́n, èmi náà ni mo sì ń kó wọn wá ṣáàjì nílé mi nígboro Dassa, nítorí iná kò dé ìsàlẹ̀ òkè tí màmá mi ń gbé.

Nígbà tí mo lọ kó wọn, orí àpáta ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá wọn. Ó sá wọn sínú oòrùn, láàárín iṣu tó gé sílẹ̀ fún èlùbọ́. Ó ní oòrùn máa ń jí píìlì, bí a ti ń pe bátìrì lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Inú bí mi. Mo ní ti àtijọ́ nìyẹn, oòrùn ń ba irú èyí jẹ́ ni. Ó bi mí bóyá èmi ni mo bí òun.

Mo kó rédíò àti bátìrì rẹ̀ lọ sílé. Bí ọ̀kan bá ti rẹ̀, á fa àwọn yòókù lulẹ̀. Ìka kan tó tọ́ epo ló ń ran ìyókù. Mo ṣáàjì wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n lè mọ èyí tí kò lè gba iná dúró. Lọ́sàn-án, mo ti fèrèsé, mo ki bátìrì tuntun kan bọ inú tọ́ọ̀ṣì, mo wá ń fi ti màmá mi ṣe ìkejì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri. Èkíní mọ́lẹ̀ rekete. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹrin tún mọ́lẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀.

Mo kó wọn lọ bá àlàájì kan tó ń ta ohun èlò fóònù lọ́jà. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná wò wọ́n, ó ní kò sí èyí tó ṣe. Mo ní kó tún un wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí nǹkan ara rẹ̀ bàjẹ́ rí.

Mo padà délé, mo kó wọn sínú rédíò, mo tàn án. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ó di etí méjèèjì, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dín ohùn rẹ̀ kù. Mo fọwọ́ kan ibi tí a ti ń dín in kù. Bí màmá mi ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣì wà, ó ti dé òpin. Rédíò kò ṣe nǹkan kan, bátìrì kò ṣe nǹkan kan. Etí màmá mi ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rosárì ló bà mí lẹ́rù. Òdìkejì títì ọlọ́dà tó ti Kùtọnu lọ sí Parakú ni oko rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń sọdá. Tírélà kì í dẹ eré níbẹ̀, fèrè ni wọ́n ń fọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù lọ. Mo rí i létí títì, ó gbé abọ́ rù. Mo pè é láti ẹ̀yìn. Mo tún pè é, kò yíjú. Ọkọ̀ kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà dí i lójú, ó sì gbẹ́sẹ̀ sórí títì. Tírélà kan ń fọn fèrè bọ̀ láti ọ̀nà Parakú. Mo sáré fà á láṣọ, abọ́ ṣubú.

“Ṣé orí rẹ pé? Kí ni mo ṣe tí o fi ń fà mí láṣọ ní gbangba?”

Tírélà náà kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbé gèlè kúrò lórí màmá mi. Ó wo tírélà náà títí kò fi rí i mọ́. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú.

“Má sọ fún àwọn àbúrò rẹ. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn á mú mi lọ sọ́dọ̀ wọn ní Kùtọnu, mi ò sì ní rí oko mi mọ́.”

Mo fẹ́ dáhùn, àfi bí mo ṣe rí i pé ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, ó ń dúró de ohun tí ẹnu náà máa sọ. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé etí òun kò gbọ́ mọ́. Mo mi orí pé mo gbọ́, ẹ̀rù sì bà mí ju ti ìgbà tí mo ń sáré bọ̀ lọ.