Ohun Tí Ọmọ Mi Mu Ṣáájú Èkúté

"Ohun tó bá ti inú yàrá ìwádìí jáde kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ gbé inú fíríìjì kan náà, ì báà ṣe fún wákàtí kan." Olùkọ́ ọmọbìnrin mi àgbà ló fi ohùn líle sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Nítorí ọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ mi yìí ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní Iléṣà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé ìgò oníke kékeré mélòó kan wá sílé wa ní Ìgbóǹnà. Ó yẹ kó gbé wọn dé ibì kan ní Òkè-Fìà tí wọ́n ti ń sin èkúté funfun fún ìwádìí, ṣùgbọ́n wọ́n ti tilẹ̀kùn kó tó dé. Ó ní ti iléèwé ni. Èmi ni mo sún ẹja sẹ́yìn nínú fíríìjì kó lè ráyè.

Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé á rọ omi sámúsámù sínú ìgò kéékèèké, á pín in fún tẹbí tará. Ìgò tirẹ̀ náà wà nínú fíríìjì yẹn, oníke, onídèérí funfun bíi ti ọmọ mi.

Láàárọ̀ Sátidé, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ń wúkọ́. Mo ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi.

"Bísímílááhì. Mu ún, ọkọ mi. Tọrọ àlàáfíà."

"Màmá àgbà, ó níyọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí. O rò pé píọ̀ wọ́tà ni? Gbé e mì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde láti yàrá. Ó kígbe. "Màmá àgbà! Níbo lẹ ti mú ìyẹn?"

"Nínú fíríìjì. Ṣé ìwọ náà fẹ́ ni? Ó ṣẹ́ kù díẹ̀."

Mo sáré wọlé tòun ti ọṣẹ lápá. Ọmọ mi àgbà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Mọ́mì, fáírọ́ọ̀sì ni."

Ó ń yára sọ̀rọ̀: kì í ṣe irú tó ń bá èèyàn jà, bakitéríà nìkan ló ń pa. Wọ́n ti yí àbùdá rẹ̀ padà, ìyẹn ohun tí ẹ̀dá ń jogún. Wọ́n ti fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ bí àlùmọ́gàjí sí i, kó lè máa gé àbùdá bakitéríà tó ń fa àìsàn inú. Àwọn èkúté yẹn náà, wọ́n ti tún tiwọn ṣe látinú oyún, kí àìsàn inú lè tètè mú wọn.

"A fẹ́ fún wọn mu, ká wò ó."

"Ẹ fẹ́? Ẹ ò tíì fún wọn?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọ mi ló ṣíwájú èkúté.

"Súbúhánálláhì," ni ìyá ọkọ mi ń wí, "ọwọ́ ara mi ni mo fi fún un!"

A pe olùkọ́ náà. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi ọmọ mi: "Ṣé kẹ́míkà lo fi pa bakitéríà tá a fi tọ́ ọ tó kù nínú ẹ̀, àbí asẹ́ lo fi sẹ́ ẹ kúrò?"

"Mo sẹ́ ẹ ni, sà. Kò sí kẹ́míkà kankan."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì náà kò lè wọ ara ọmọ, ṣùgbọ́n èérún bakitéríà tó ti kú lè fa ibà. Ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ká mú ìgò náà dání.

A gbé e débẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbóná títí di ìrọ̀lẹ́. Mííńpáì ló ń bèèrè. Ìyá ọkọ mi kò fẹnu kan nǹkan kan.

Dókítà yí ìgò náà síwá sẹ́yìn. Lẹ́tà òyìnbó díẹ̀ àti nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Ó ní, "Mà, ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí nílé ńkọ́? Kí lẹ ò bá sọ fún mi pé ọmọ yìí mu?"

Ẹ̀yin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ohun tó wà nínú ìgò sára rẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ìyá ọkọ mi mọ Yorùbá kà.