Àpò Ìrẹsì Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ mí di onífàyàwọ́ nítorí ilá. Bẹ́ẹ̀ ni, ilá tí à ń jẹ.

Ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìlaròó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ilé Bàbá Múfú, àgbẹ̀ àgbà tó wà nísàlẹ̀ mi. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin ilá, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbàrá gbé e lọ bá Bàbá. Kì í sì í ṣe ilá ọjà o. Màmá mi ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀ ní Agosasa kí wọ́n tó kú, ó sì ti ku ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Bí ìyẹn náà bá lọ, ó tán nìyẹn.

Bàbá ní kí n la poro gba ìbú ilẹ̀, kí n fi àpò iyẹ̀pẹ̀ dí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fi ojú sílẹ̀ fún omi. Èmi tíṣà, mo gbọ́ apá kan. Bí ìjọba bá lè ti bodè, ta ló ní kí n má ti tèmi?

Òfìfo àpò ìrẹsì òkèèrè, tí orúkọ ìrẹsì wà gàdàgbà lára wọn, tí mo ti kó jọ kí bodè tó tì ni mo lò. Mo rọ iyẹ̀pẹ̀ kún wọn, mo rán wọn lẹ́nu, mo tò wọ́n léra, mo fi amọ̀ rẹ́ àárín wọn. Kí oòrùn má bàa jẹ wọ́n, mo tún fi tapólì bò wọ́n. Ẹ bá mi wò ó: ogún àpò ìrẹsì, tí a rán lẹ́nu, tí a fi tapólì bò, nígbà tí bodè wà ní títì. Ṣé orí mi pé?

Mo gbin ẹ̀kúnwọ́ tó kù, ó sì hù. Ṣùgbọ́n omi kò lọ mọ́, ó dá sẹ́yìn àpò, ewé ilá sì ń pọ́n. Bàbá ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni Ìyá Rúkà, aládùúgbò tí kì í kí mi ju "ẹ káàárọ̀" lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà adìẹ mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ta kóńgò méjì fún òun. Mo ní iyẹ̀pẹ̀ ni. Ó wò mí títí, ó ní kò burú, Ọlọ́run ń rí wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, aṣọ́bodè méjì wọlé, wọ́n lọ tààrà sídìí àpò.

"Ọ̀gá, iyẹ̀pẹ̀ ni."

"Màdáàmù, gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní òkú bàbá òun ló wà nínú pósí."

Èyí tó sọ̀rọ̀ ti ọ̀pá irin bọ àpò kìíní, ó yọ lódì kejì. Iyẹ̀pẹ̀. Ó gún ìkejì. Iyẹ̀pẹ̀. Ó gún gbogbo wọn tán, òógùn bò ó, ó tiẹ̀ tọ́ iyẹ̀pẹ̀ wò. Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n lọ.

Òjò ńlá rọ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mo ń wo àpò oníhò, mo sì ń sunkún màmá mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilá wà ní ìdúró! Omi ti rọra gba ojú ihò lọ, ilẹ̀ sì kù síbi tó wà. Bàbá Múfú gòkè wá, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Tíṣà, ta ló bá ẹ lu ihò wọ̀nyí? Ó mọ iṣẹ́ o."

Mo ní ìjọba ni.

Nígbà tí ilá so, Ìyá Rúkà ni mo kọ́kọ́ bù fún. Kó tó gba abọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé iyẹ̀pẹ̀ ni lóòótọ́ o. Mi ò tíì bi í léèrè nǹkan kan.

Irúgbìn màmá mi ti di ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta báyìí, ó wà lókè àjà, ó ń gbẹ. Kí ni omi ẹ̀yìnkùlé tiyín ti fojú yín rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Bí ẹ bá sì fẹ́ dí omi, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọ́kọ́ yí inú àpò síta.