Bébì Tí Kò Ṣeé Pọ̀n

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń wọ yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé tí à ń gbé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó jẹ́ irú èyí tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàárín tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sínú fúláàtì lè máà mọ irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mò ń sọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà, ibẹ̀ náà ni àwa ọmọdé ti ń ṣeré. Télọ̀ ni màmá mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ni maṣíìnì wọn wà, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ojú wọn á sì máa ṣọ́ wa.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Tí mo bá ní ọ̀rẹ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnu lásán o. Mi ò ní jẹ ẹran inú oúnjẹ mi tán kí n tó pè é. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an ní ata, mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá di irun fún un, mi ò ní sinmi àfi tí wọ́n bá di irú rẹ̀ gan-an fún mi. Mo lè sọ ọ́ fún yín láìtijú pé bí obìnrin ṣe ń jowú lórí ọkọ ni mò ń jowú lórí ọmọ yẹn. Tó bá ń bá ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, inú mi á máa ta.

Kò sí èyí tí wọ́n rà nínú ohun ìṣeré wa. Rọ́bà tí a so pọ̀ tí a fi ń fò, ìdérí ìgò mínírà, agolo mílíìkì tí a fi òkúta sí nínú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń sinmi. Bí o bá gbé e sílẹ̀ báyìí, ẹlòmíràn ti gbé e.

Àwọn onílé wa ń gbé ní ẹ̀yìn, wọ́n ní pálọ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹgbẹ́ wa ni. Kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wa ṣeré, nítorí ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ kó fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Ìgbà tó yá, àbúrò ìyá rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì mú bébì kan wá fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí bébì yẹn ṣe rí. Irun rẹ̀ dà bí irun àgbàdo, ó wọ bàtà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e dùbúlẹ̀, á di ojú. Tí wọ́n bá gbé e dìde, á ṣí i. Inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà, pẹ̀lú ọ̀rá tó bo iwájú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, láàárín àwọn abọ́ tí ẹnì kankan kì í fi jẹun. Àlejò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ìyàwó onílé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, ní ọmọ kan ṣoṣo ló lè wá wò ó, ẹni náà gbọ́dọ̀ fọ ẹsẹ̀, kó sì jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Ojú ni kí ẹ fi ṣeré, ẹ má fọwọ́ ṣeré."

Ọ̀rẹ́ mi ni ọmọ onílé mú. Ó ní èmi máa ń pariwo.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti dé láti ilé ìwé, ọ̀rẹ́ mi á sáré fọ ẹsẹ̀, ó di ẹ̀yìnkùlé. Màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, màá máa wo ọ̀nà. Bó bá jáde, màá bi í léèrè bíi pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí.

"Kí ni bébì yẹn tiẹ̀ ń ṣe?"

"Ó ń ṣẹ́jú."

"Kí ló tún ń ṣe?"

"Ó ń jókòó."

"Ajá náà ń ṣẹ́jú, ó sì ń jókòó."

"Ajá ò wọ bàtà," ló fèsì, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ tàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá mi wò mí láti ìdí maṣíìnì wọn. Wọ́n ní, "Ta lo tiẹ̀ fẹ́ fi ebi jẹ níyà? Ṣé èmi ni, àbí ìyàwó onílé?"  Wọ́n fa àpò tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ oníbàárà sí jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n rán an tán. Ọmọ aláǹkárá ni, wọ́n fi àjákù aṣọ kún ikùn rẹ̀ dẹ̀mùdẹ̀mù. Òwú pupa ni wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀. Wọn ò rí bọ́tìnnì méjì tó bára mu, nítorí náà ojú rẹ̀ kan tóbi, ìkejì kéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yà gbalaja bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, nítorí mi ò gbọ́dọ̀ má dúpẹ́. Mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni mo fẹ́ fi ọmọ olójú kan ńlá kan kékeré ṣe, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wà níbi tí wọ́n ti ń wo ọmọ tó wọ ìbọ̀sẹ̀?

Ó pẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. A gba ọlidé. Lọ́jọ́ kan, Mọ́mì onílé lọ ra ọjà ní Ọ̀yìngbò. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọmọ wọn fi gbé bébì jáde kúrò nínú páálí, ó gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń sin ìyàwó.

Eré tó wà lóde lọ́jọ́ náà ni eré ibi abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, ẹ mọ̀ ọ́n: bẹ́ǹṣì, ìyá ọmọ rẹpẹtẹ, káàdì lọ́wọ́ kálukú, nọ́ọ̀sì tó ń jágbe mọ́ gbogbo ayé. Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Àwọn kéékèèké ti tò, ọ̀kan pọn ìrọ̀rí, ọ̀kan pọn agolo páúdà, ọ̀kan pọn bàtà bàbá rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi ló di nọ́ọ̀sì, òun ló lè jágbe jù.

Ọmọ onílé tẹ̀ba, ó gbé bébì sẹ́yìn, ó ró ìró lé e, ó gbá ọ̀já mọ́ ọn. Bó ṣe nàró báyìí, bébì yọ̀ gba ìsàlẹ̀ ìró jáde, ó balẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yà. Ó le, ó sì gún gbọnrangandan, kò sí bó ṣe lè gbá ìbàdí ènìyàn mú. Wọ́n tún un pọ̀n, wọ́n so ó le. Lọ́tẹ̀ yìí, orí rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sí ìkejì, bíi pé igi ìdáná ló pọ̀n. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, bébì tún bọ́.

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ìyá yìí, ọmọ yín ti já bọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbé e padà sílé."

"Màá gbé e lọ́wọ́," ni ọmọ onílé wí.

"Ta ló máa wá bá yín mú káàdì?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò lójú ọmọ onílé. Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo fa ọmọ mi jáde, mo gbọn eruku àti òwú aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀, mo gbé e pọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ mi méjèèjì, ó lẹ̀ mọ́ mi bí ọmọ ènìyàn. Mo yí ìdí díẹ̀, mo rìn lọ bá nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọjọ́ pípẹ́. "Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Kí lorúkọ ọmọ?"

Mi ò lè ṣàpèjúwe bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbádùn rẹ̀ tán tí ọmọ onílé fi dé ẹ̀gbẹ́ mi.

"Jẹ́ kí n bá ẹ pọ̀n ọ́n."

"Mi ò ní kó o bá mi pọ̀n ọ́n."

"Màá fún ẹ ní tèmi." Ó sì na bébì náà sí mi.

Bébì tí mo tìtorí rẹ̀ febi panú. Mo gbà á. Mo gbé e dùbúlẹ̀, ó di ojú. Mo gbé e dìde, ó ṣí i. Mo tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń wá nǹkan mìíràn tí màá fi í ṣe, mi ò rí. Mo gbá a mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ gún mi lágbọ̀n. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ onílé ti pọn ọmọ mi, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe, ọ̀rẹ́ mi sì gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ń bi í bóyá ọmọ ti jẹun. Ẹ ò rí i báyìí? Wọ́n gba ọ̀rẹ́ mi, wọ́n tún gba ọmọ mi. Owú tó wà nínú mi tẹ́lẹ̀, àfi bíi pé wọ́n bu epo sí i.

Mo ti ń lọ já a gbà ni Mọ́mì onílé wọlé pẹ̀lú ẹrù ọjà.

 Wọ́n rí bébì lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbà á, wọ́n fi etí ìró wọn nu ún lójú, wọn ò tiẹ̀ bá mi wí. Ọmọ wọn ni wọ́n ń wá. Ó fara ti ògiri, ó fọwọ́ gbé ìdí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Sọ nǹkan yẹn kalẹ̀, ká máa lọ."

"Mọ́mì, ó ń sùn ni," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Mọ́mì onílé wò ó títí. Wọ́n wo bébì ọwọ́ wọn náà. Wọ́n wá yíjú sí ìdí maṣíìnì. "Àǹtí télọ̀, ẹ̀yin lẹ rán an?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹ bá mi rán irú rẹ̀ fún un. Màá mú aṣọ wá."

Léèsì ni wọ́n mú wá. Léèsì funfun. Mo dúró ti màmá mi títí wọ́n fi rán an tán. Bọ́tìnnì ojú rẹ̀ dọ́gba, wọ́n fi òwú dúdú ṣe irun fún un, wọ́n tún rán fìlà. Tèmi ò ní irun. Mo ní, "Kí ló dé tí ojú tèmi ò dọ́gba?" Wọn ò gbójú sókè. "Tìẹ ni mo fi kọ́ṣẹ́," ni wọ́n wí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bébì tó ń ṣẹ́jú ti gba ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù, ọmọ oníléèsì máa gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sú òun, òun náà fẹ́ di ìyá ọmọ.

"Jẹ́ ká jọ ni tìẹ. Kí o pọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí n pọ̀n ọ́n lọ́sàn-án."

"Ti ọmọ onílé ńkọ́? Tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ."

"Wọ́n á ní ká rọra mú un," ló wí.

A jọ ni ọmọ yẹn títí àǹkárá rẹ̀ fi ṣá. A wẹ̀ ẹ́, a sá a lóòrùn, ojú rẹ̀ bọ́, wọ́n rán òmíràn sí i. A jà nítorí rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Ìpọ̀nrí ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ mi obìnrin ti fẹ́ pé ọdún mẹ́rin. Agbọ̀n kan wà ní pálọ̀ wa tó kún fún ohun ìṣeré: fóònù tó ń kọrin, dùùrù kékeré, bébì lóríṣiríṣi tí ẹsẹ̀ wọn tiẹ̀ ń yà. Bàbá rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ ọmọdé fún un, aṣọ tí mo bá ká ni mò ń kó sórí rẹ̀. Kí n má purọ́, mo máa ń jowú ọmọ tí mo bí. Màá wo agbọ̀n yẹn, màá ní, ìwọ lo ní gbogbo èyí, ìdérí ìkòkò lo sì ń gbá kiri. Àwọn àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń bi mí pé, "Àǹtí, èwo la lè rà tí kò ní di ìdọ̀tí sílé?" Tẹ́lẹ̀, màá ní kí wọ́n ra bọ́ọ̀lù, kí wọ́n ra èyí tí kò lo bátìrì. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Nígbà tiwa, nǹkan ìṣeré ò tó nǹkan, ọmọ ló pọ̀. Ní báyìí, nǹkan ìṣeré ló pọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ló sì jókòó tì í, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ta ló máa bá a du kẹ̀kẹ́ tó fi máa mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ dáa?

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n mú iná lọ, ooru mú, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí òkè wa wọlé wá fúnra rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó ti aṣọ mi dànù, ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Ọmọ mi tí kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á figbe ta, "Tèmi ni." Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún. Ìyá ọmọ náà sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní kó jókòó, kó fi wọ́n sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fi ń gùn ún tí ìkejì ń tì í.

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, tèmi dúró ti kẹ̀kẹ́, kò gùn ún. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Mọ́mì, kí ni òun ní nílé tiwọn?"

 Mo ní kó lọ wọ bàtà rẹ̀, kó gòkè lọ wò ó.