Alágbàtà Ẹlẹ́nu Dídùn àti Ìkejì Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe ti gbọ́ pé èèyàn lè ra owó ilẹ̀ òkèèrè lórí fóònù kó sì tà á lérè, ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀ mọ́. Á tú ẹ̀yìn fíríìjì oníbàárà, kó tó dé ìdí iṣẹ́, á ti nu ọwọ́ sí ṣòkòtò kó lè wo fóònù. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé eèrà ló wọ̀ yín láṣọ ni?"

Ilé-iṣẹ́ alágbàtà méjì, tó ń bá èèyàn ra owó òkèèrè yìí, ló ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹnu ti àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ ń pè é ṣáá: "Bàbá mi, ẹ fi owó sí i, àá fi ẹ̀bùn lé e. Èrè dájú!" Ìkejì ò pe ẹnikẹ́ni. Ìkìlọ̀ ló kọ síwájú ìkànnì rẹ̀, pé àwọn tó ń pàdánù nínú òwò yìí pọ̀ ju àwọn tó ń jèrè lọ, pé ẹni tó bá fi owó àyálò ra ọjà, wàrà-wàrà ni gbogbo rẹ̀ lè wọmi. Ṣùgbọ́n ó sọ àjọ ìjọba tó fún un níwèé àṣẹ.

Ti ọmọbìnrin yẹn lọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ta ni ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn? Ó fi ìkànnì wọn han ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù bí wọn ò bá tan án lójú yín, ẹ wá fẹ́ dijú ra èyí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ó fi owó táṣẹ́rẹ́ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, kò ra nǹkan kan, ó kàn ní kí wọ́n dá a padà. Ìkejì dá a padà láìjanpata. Ní ti àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà pè, ohùn rẹ̀ ti le: "Ẹ̀bùn wa ti so mọ́ owó yín, sà. Ẹ fi òmíràn kún un kó lè jáde."

"Kí n fi owó wá owó ara mi? Ẹ ṣeun o!"

Ìgbà yẹn ló tó wá orúkọ wọn lọ́dọ̀ àjọ ìjọba. Wọn ò sí níbẹ̀. Ó fẹjọ́ wọn sùn, ó gbà pé owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ ìkejì, ó kọ́kọ́ fi owó eré tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn dán an wò; wọ́n ń ta wúrà níbẹ̀ náà, òun ló sì fi rà. Ó jèrè láàárọ̀, ó ń súfèé. Kó tó di ọ̀sán, iye wúrà já wálẹ̀, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

"Ṣé owó gidi ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Rárá o."

"Kí lẹ wá ń làágùn sí?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Títí di òní, kò tíì fi owó gidi sí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti jí, kó tó fọ ẹnu, á ti yẹ iye wúrà wò, á kọ hàà, á dìde, á tún jókòó.