Ilé Ọlọ́run tó Di Ilé Fóòmù l'Ókè-Àfà

Ọjọ́ pẹ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà l'Ókè-Àfà. Ìgbà tí ilẹ̀ àdúgbò náà gbówó lórí ni ohùn Rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ketekete sétí àwọn alàgbà pé kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n kó lọ sí Mọ́wé lọ́nà Ìbàdàn.

Màmá Felicia, tíṣà ọmọ Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Jákàńdè nítòsí ibẹ̀, nìkan ni kò gbọ́ ohùn yìí. Òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà, nítorí ọkọ rẹ̀ olóògbé, Ọmọ́bọ́lájí, ló fi orí ara rẹ̀ ru búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ọ, orúkọ rẹ̀ sì wà lára òkúta ìrántí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa dé Mọ́wé?" ló bi Alàgbà Olúbọ̀wálé, olórí ìgbìmọ̀.

"Ìgbàgbọ́ ni, Màmá."

Ìgbàgbọ́ dára, ṣùgbọ́n kò ní táyà. Bí wọ́n ṣe fi Màmá sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kó àga, wọ́n kó jẹnẹrétọ̀, wọ́n tú fáànù, àní wọ́n yọ gílóòbù. Bóyá ìmọ́lẹ̀ ayé ò tíì dé Mọ́wé.

Khàlíl, tó ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́jà Áswání tẹ́lẹ̀, ló ra ilé náà. Kò pẹ́ tí fóòmù fi kún inú rẹ̀ dé àjà. Ibi tí pásítọ̀ ti máa ń pariwo pé kí ìjọ má sùn ni bẹ́ẹ̀dì tó tóbi jù wà báyìí.

Màmá búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ ibẹ̀ láé. Bó bá ń kọjá, òdìkejì títì ló máa ń kọjú sí, títí ọrùn á fi máa dùn ún. Ṣùgbọ́n òjò kì í bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ká a mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, Khàlíl sì sáré gbé agboòrùn jáde.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Màmá wọlé, ó fajú ro. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ògiri tí òkúta ìrántí ọkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Níbo lẹ ju òkúta tó wà níbí sí?" Ìjà ti dé ẹnu rẹ̀.

Khàlíl wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ègé fóòmù wé jáde. "Ìgbà tá a fẹ́ kun ilé la yọ ọ́, Mummy. Mo bi àwọn alàgbà, wọ́n ní kí n bá àwọn jù ú nù. Èmi wá sọ pé orúkọ èèyàn kì í ṣe pàǹtí."

Màmá jókòó sórí fóòmù tí kò fẹ́ rí sójú, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí wọ́n kàn án padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

"Kò sí wàhálà, Mummy. Àmọ́ ẹ má bínú o, fóòmù ló máa wà lábẹ́ ẹ̀."

"Kò burú. Ọkọ mi fẹ́ràn oorun."

Ọ̀sán yẹn náà ni Khàlíl àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kàn án. Màmá dúró tì wọ́n, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé òkúta náà wọ́ sápá òsì, títí ó fi tọ́, kó tó gbà kí wọ́n bá òun pe kẹ̀kẹ́.